Báwo ni mo ṣe lè bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Àbúrò mi obìnrin kọ̀ kí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ara ọmọ náà gbóná lẹ́yìn àkọ́kọ́, ó sì ti gbọ́ pé abẹ́rẹ́ náà ń fa autism, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, tí ó ń kan ọ̀rọ̀ sísọ àti ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn. Mo ṣàlàyé fún un pé ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, tí ó gbé ìwádìí dókítà Andrew Wakefield tí ó so abẹ́rẹ́ náà pọ̀ mọ́ autism jáde ní 1998, ti fagi lé e ní 2010, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó gbá ọmọ mọ́ àyà, tí ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ bá a ṣàìsùn mọ́jú.” Ìfẹ́ ọmọ ni mo rí níbẹ̀, kì í ṣe agídí. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi sùúrù bá irú òbí bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó sì gbà, kí ni ẹ kọ́kọ́ sọ?