Kí òfin so ọdún ẹ̀wọ̀n mọ́lẹ̀, àbí kí adájọ́ máa wo ẹni tó wà níwájú ẹ̀?

ỌmọỌjàọba:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwa tá a jọ ń ta páàtì mọ́tò ní Gate, ó ti fẹ́ dìjà, ẹ dákun ẹ bá wa dá sí i. Ẹ rántí ọmọkùnrin Ọ̀ṣun yẹn tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní 2014, tí gbogbo ayé ń pariwo pé nítorí adìẹ àti ẹyin ni, kí Gómìnà Adélékè tó ní kí wọ́n dárí jì í ní December 2024. Ẹ tún rántí ọ̀gá kan tó kó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá jẹ, bílíọ̀nù lórí bílíọ̀nù, tí adájọ́ Abuja ní kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2 tàbí kó san ₦750,000 ní 2013. ₦750,000 o! Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí mò ń tà lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi wá ní ká kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ jàre: ẹni tó bá ṣe tibí, ọdún báyìí, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí "mo mọ adájọ́", olówó àti tálákà, ọgbọọgba. Ẹnìkejì mi ní n ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ta ló jàre?

ÌyáÌbejìMọ́kọ́lá:
Ìwọ lo jàre! Ọmọ kan jí ẹ̀rọ ìlọta mi, ẹ̀rọ tí mo fi ń bọ́ ọmọ o, wọ́n mú un, a dé kọ́ọ̀tù, màmá ẹ̀ ń yí nílẹ̀, lọ́yà ẹ̀ ní kò ní bàbá, ní kò ṣe irú ẹ̀ rí, ní ebi ló ń pa á. Adájọ́ ní kó lọ máa gbálẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ó parí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé èmi ńkọ́, ṣé ebi ò lè pa tèmi ni. Gbogbo "ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe rí" yìí, ọ̀rọ̀ olè nìkan ni wọ́n máa ń wò.

Lọ́yàRingRoad:
Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọjàọba, àpẹẹrẹ tó o mú wá gan-an ló ta kò ẹ́. Ẹjọ́ Ọ̀ṣun yẹn, kì í ṣe ẹ̀sùn adìẹ ni wọ́n fi kàn án, ìdigunjalè àti ìgbìmọ̀pọ̀ ni. Òfin Robbery and Firearms tí ìjọba ológun ṣe ti so gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀: tí ohun ìjà bá ti wà níbẹ̀, ikú, tí kò bá sí, ó kéré tán ọdún 21. Olè lásán lábẹ́ Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní apá gúúsù, ńkọ́? Ọdún 3. Ẹ wo àlàfo yẹn. Tí adájọ́ bá ti gbà pé ẹnì kan jẹ̀bi ìdigunjalè, ì báà jẹ́ adìẹ ni wọ́n gbé ì báà jẹ́ góòlù, ì báà jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ì báà jẹ́ ògbólógbòó, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ẹ̀. Ohun tó o ní ká ṣe, wọ́n ti ṣe é, ibi tó já sí nìyẹn.

Ti owó ìfẹ̀yìntì, ẹjọ́ John Yakubu Yusuf nìyẹn. Abala 309 Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn ti apá àríwá àti Abuja, tí wọ́n fi ká a mọ́ fúnra ẹ̀ ló ní ẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí fáìnì, tàbí méjèèjì. Adájọ́ mú èyí tó rọ̀ jù, NJC, àjọ tó ń bójú tó àwọn adájọ́, ní kí adájọ́ ọ̀hún náà lọ jókòó sílé fún oṣù 12, EFCC pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nígbà tó di 2018 àwọn àgbà adájọ́ ní Court of Appeal sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 6, kó sì san ₦22.9 bílíọ̀nù. Ṣé ẹ rí i, tí adájọ́ bá ṣi òye ẹ̀ lò, wọ́n lè bá a tún un ṣe lókè. Ikú tí òfin ti so mọ́lẹ̀, tí ẹ̀bi bá ti dúró lórí ẹni yẹn, wọn ò lè dín in lókè, àfi kí gómìnà ṣàánú. Ọdún 10 lọmọ Ọ̀ṣun yẹn fi wà nínú ìdájọ́ ikú.

ỌmọÌbàdànLókèÒkun:
Ẹ jẹ́ n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un. Amẹ́ríkà dán irú ẹ̀ wò ní 1986. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ta crack, ìyẹn cocaine tí wọ́n sè tó dì bí òkúta, tí wọ́n ká gíráàmù 5 péré mọ́ ọn lọ́wọ́, ọdún 5 ó kéré tán. Ẹni tó ń ta cocaine oníyẹ̀fun, àfi tó bá di gíráàmù 500 kó tó jẹ ọdún 5 kan náà. Oògùn kan náà ni méjèèjì o. Àwa aláwọ̀ dúdú ló kún ẹ̀wọ̀n nítorí crack, bẹ́ẹ̀ òfin ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. 2010 ni wọ́n tó fa àlàfo àárín méjèèjì wálẹ̀ láti ìlọ́po 100 sí ìlọ́po 18.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé agbára tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ adájọ́ ò ṣòfò, ọwọ́ agbẹjọ́rò ìjọba ló bọ́ sí. Òun ló ń mú ẹ̀sùn tó wù ú. Á ní gbà pé o jẹ̀bi kí n kọ èyí tó kéré, tó ò bá gbà, mo máa kọ èyí tó ní ọdún 10 nídìí. Inú ọ́fíìsì ló ti ń parí. Adájọ́ ní tiẹ̀, gbangba ló ti ń sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀.

ỌmọỌjàọba:
Háà. Nílé níbí, á jẹ́ pé ẹni tó ń kọ ìwé ẹ̀sùn ní tésàn ló di adájọ́ nìyẹn. Ìyẹn ò kàn sí mi lórí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò tíì gbà tán o. Àwọn tó ń kó owó ìjọba, ẹ so tiwọn nìkan mọ́lẹ̀, kí fáìnì má sí níbẹ̀ rárá. Ti mẹ̀kúnnù, kí adájọ́ máa wò ó.

Lọ́yàRingRoad:
Ìyẹn ṣeé jíròrò. ACJA 2015, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn, ti bẹ̀rẹ̀ apá kan ẹ̀, abala 416 ní kí wọ́n wo ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n má fún ẹni tí kò jẹ̀bi rí ní ìyà tó ga jù, kí wọ́n sì ro àkókò tó ti lò látìmọ́lé. Ṣùgbọ́n ikú tí òfin ti so mọ́lẹ̀ ò mì. Ní Uganda, 2009, àti Kenya, 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní adájọ́ gbọ́dọ̀ ráyè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kó tó dájọ́ ikú. Supreme Court tiwa ní 1998 ní ìdájọ́ ikú ò ta ko òfin ilẹ̀ wa, ibẹ̀ la ṣì wà.

ÌyáÌbejìMọ́kọ́lá:
Ẹ ti dé Kenya, ẹ ò tíì dé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta mi.

Lọ́yàRingRoad:
Ẹ má bínú, ìyá wa. Òfin fàyè gba adájọ́ tó ní kó gbálẹ̀ yẹn láti ní kó san owó ẹ̀rọ yín pẹ̀lú. Ṣé agbẹjọ́rò ìjọba béèrè fún un?

ÌyáÌbejìMọ́kọ́lá:
Ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ọlọ́pàá kan ló ń sọ̀rọ̀ fún wa níbẹ̀, kò tiẹ̀ wojú mi títí a fi jáde. Lọ́yà, ẹ dákun ẹ wo inbox yín.