Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí títú fáìlì tar tí a kò mọ ẹni tó dì í

Mo béèrè níbí bí ètò tí mo fi èdè Python kọ ṣe lè tú fáìlì tar (ìyẹn ọ̀pọ̀ fáìlì tí a dì pọ̀ di ẹyọ kan) tí àjèjì fi ránṣẹ́, láìjẹ́ kí ohun inú rẹ̀ bọ́ sí fódà míì lórí kọ̀ǹpútà.

Ìmọ̀ràn tó yanjú rẹ̀ ni kí n fi filter="data", tó ń yẹ ohun inú tar wò, kún extractall, àṣẹ Python tó ń tú gbogbo rẹ̀. Mo di fáìlì ìdánwò kan tí orúkọ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "../", èyí tó túmọ̀ sí "jáde lọ sí fódà òkè". Python kọ̀ ọ́ jálẹ̀, ó gbé àṣìṣe OutsideDestinationError jáde. Symlink (fáìlì tó kàn ń tọ́ka sí ibòmíràn) tó nàka síta náà kò ráyè kọjá. Láti Python 3.12 ni filter yìí ti wà, ní 3.14 kò tiẹ̀ dìgbà tí ẹ bá kọ ọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ Python yín di tuntun: ní 2025 wọ́n rí ihò ààbò nínú filter yìí gan-an, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2025-4517, Python 3.13.4 àti 3.12.11 sì wà lára àwọn tó dí i.

Wíwo ìwọ̀n fáìlì kí n tó tú u ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀ ni. Filter kì í wo ìwọ̀n, fáìlì kékeré tí a fi gzip fún pọ̀ sì lè wú ní ìlọ́po tó lé ní 1,000 tí a bá tú u. Bí mo bá pe getmembers, àṣẹ tó ń to orúkọ gbogbo ohun inú tar, ó ní láti ka gbogbo fáìlì náà já ná. Ní báyìí mò ń mú àwọn fáìlì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń ro ìwọ̀n wọn pọ̀, mo sì ń dáwọ́ dúró tó bá ti kọjá òdiwọ̀n.

Ó ku 7z, irú fáìlì àdìpọ̀ mìíràn, tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Ẹ ṣeun gan-an.