Ẹ̀yin tí ẹ wo Mind Your Language, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ẹni tó bá wo NTA láyé ọjọ́un yóò rántí Mind Your Language, eré apanilẹ́rìn-ín ti Ọ̀gbẹ́ni Brown, tíṣà tó ń kọ́ àwọn àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní London. London Weekend Television (LWT) ló ṣe é. Ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1977 ló bẹ̀rẹ̀, kí 1979 tó parí wọ́n ti gbé e kúrò. Wọ́n jí i dìde ní 1986, kò tún pẹ́. Nílé tiwa, fídíò rẹ̀ ò kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n títí mo fi dàgbà.

Níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ n'Ìbàdàn, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, pátákó ni wọ́n máa gbé kọ́ ọ lọ́rùn, ẹgba á sì tẹ̀lé e. Tó bá wá di alẹ́, gbogbo àdúgbò á kó wá sí pálọ̀ wa. À ń wo àgbàlagbà ará Ítálì, ará Sípéènì, ará Pakístánì, wọ́n ń fọ́ Gẹ̀ẹ́sì yángá, kò sì sẹ́ni tó nà wọ́n! Ọ̀gbẹ́ni Brown á kàn di orí mú ni. Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí kò sí pàṣán níbẹ̀, èmi ò tíì rí irú ẹ̀ rí.

Àbúrò Àkúrẹ́
Ẹ̀gbọ́n, Ranjeet Singh, ará Íńdíà inú eré náà, ló gbà wá lọ́wọ́ pàṣán níléèwé tiwa o. Tí tíṣà bá ti mú wa, a ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bíi tirẹ̀, a ó tẹrí ba: "A thousand apologies!" Tíṣà tó bá wo eré náà lálẹ́ àná, ẹ̀rín ò ní jẹ́ kó lè na ẹnikẹ́ni mọ́. Èyí tí kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé ńkọ́? Ẹ má béèrè.

Ìyá Peckham
Èmi náà rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo wà nílé. Nígbà tí mo dé London, iṣẹ́ títún ọ́fíìsì ṣe ni mo ń ṣe ní ìdájí, mo wá forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́, torí mi ò kàwé jìnnà. Ẹ gbọ́, inú eré yẹn gan-an ni mo bá ara mi! Ará Tọ́kì ń bẹ, ará Sòmálíà ń bẹ, ọkùnrin kan wá láti Kòlóńbíà. Gẹ̀ẹ́sì máa ń há ọkùnrin yẹn lọ́fun, tí òógùn á máa bò ó. Ẹnjiníà ni nílùú wọn o, afárá ló ń ṣe. Tó bá ti gbé fóònù, tó ń fi èdè wọn bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà, ìwọ náà á mọ̀ pé ọ̀gá ni. Juan, ará Sípéènì inú eré, kò ní irú ìyẹn. Wọ́n ti "Por favor" bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó tán.

Nígbà tó yá mo gbé e sí i fún ọmọbìnrin mi tí mo bí síhìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé irú yín kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí?" Mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Alhaji Òṣogbo
Ìyá Peckham, ọmọ yín ò jẹ̀bi. Michael Grade, ọ̀gá ètò ní LWT, ohun tó tìtorí ẹ̀ fòpin sí i nìyẹn. Vince Powell tó kọ ọ́, òun àti Harry Driver náà ni wọ́n kọ Love Thy Neighbour ṣáájú, ti òyìnbó tó ń bú aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fi ẹ̀yà dápàárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwọn òṣèré náà. Sri Lanka ni wọ́n bí Albert Moses, Ranjeet yín yẹn, sí. Gibraltar ni Ricardo Montez tó ṣe Juan ti wá. Kevork Malikyan tó ṣe Max ará Gíríìsì, ọmọ Àméníà tí wọ́n bí ní Tọ́kì ni. Françoise Pascal tó ṣe Danielle ará Faransé, Mauritius. Pik-Sen Lim tó ṣe ará Ṣáínà tó ń gbé ìwé Mao, olórí wọn, kiri, Penang ní Màléṣíà. Ẹ sọ fún mi, eré mélòó lórí tẹlifíṣọ̀n wọn nígbà náà ló kó irú àwọn wọ̀nyí jọ lẹ́ẹ̀kan náà? Iṣẹ́ ni wọ́n rí ṣe, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ti Barry Evans, Ọ̀gbẹ́ni Brown gan-an, ló ń dùn mí. Takisí ló padà ń wà ní Leicestershire kó tó kú ní 1997.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Háà, takisí kẹ̀! Mi ò mọ̀yẹn.

Alhaji, mo gbọ́ tiyín. Àmọ́ ẹ wò ó, nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi sínú eré yẹn níbẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n pè ní ọmọ Áfíríkà. Bóyá ohun tó jẹ́ kó rọ̀ wá lọ́rùn láti rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ká ní wọ́n fi Yorùbá kan jókòó ti Ali Nadim, ará Pakístánì yẹn, ṣé inú ò ní bí wa?

Ìyá Peckham
Inú ò lè bí bàbá mi ní tiẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àfi tó bá jẹ́ obìnrin ni wọ́n fi síbẹ̀. Gèlè tí wọn ò ní mọ̀ ọ́n wé fún un ni bàbá yóò máa tìtorí ẹ̀ bá tẹlifíṣọ̀n jà títí eré á fi parí.