Olùkọ́ eré ìdárayá fún Màmá nílé, ní Ìkòròdú

Ọmọ Ìgbógbò, Birmingham:

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi wà ní Ìgbógbò, ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Dókítà ti ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kógbá ṣọ́ọ̀bù wọn wọlé, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n máa ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo fẹ́ gba olùkọ́ tí yóò máa wá bá wọn nílé, kí n máa sanwó láti ibí. Àbúrò mi ti fi fídíò ọ̀dọ́mọkùnrin kan ránṣẹ́, igẹ̀ rẹ̀ le bí àpáta, irin ló ń gbé. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba irú wọn rí, kí lẹ wò lára wọn?

Ìyá Ìbejì, Leeds:

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú Màmá. Má wo igẹ̀ ẹnikẹ́ni. Igẹ̀ lèmi náà wò nígbà tí mo gba ẹni àkọ́kọ́ fún bàbá mi ní Èbúté, ojú mi sì rí i. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, kò béèrè ohunkóhun. Ó ní kí Bàbá, ẹni ọdún 72, máa gun àtẹ̀gùn ilé, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀, nígbà ogún, ó ń kà á bí ẹni ń kọ́ ṣọ́jà. Bàbá ò fẹ́ kí ọmọdé gbọ́ pé ó ti rẹ àwọn, wọ́n ṣe é pé. Lálẹ́ ọjọ́ náà orúnkún wọn wú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi tiro. Mo sì ti san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, kò dá kọ́bọ̀ padà.

Ẹnì kejì ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, torí ìgbà tó dé ni mo tó mọ ohun tó yẹ ká máa wá. Àbúrò mi gbé fóònù sókè, mo ń wò wọ́n láti ibí. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí oògùn tí ẹ̀ ń lò.” Wọ́n gbé ọ̀rá oògùn wọn jáde, ó dà á sórí tábìlì, ó ń da orúkọ wọn kọ sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè bóyá àyà máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá rìn, bóyá òòyì ń kọ́ wọn, ìgbà tí wọ́n ṣubú kẹ́yìn, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún wọn rí. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló wá fa àga ìjẹun kan ti ògiri, ó ní kí wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, kí wọ́n máa dìde kí wọ́n máa jókòó, iye tí agbára wọn bá ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Méje ni Bàbá ṣe. Ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 70 sí 74 tí kò bá lè ṣe tó 12, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára mọ́, ó lè tètè ṣubú. Fún obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ Màmá rẹ, 11 ni. Ó kọ 7 sílẹ̀, ó ní iṣẹ́ òòjọ́ ti parí. Bàbá bínú, wọ́n ní ṣé jíjókòó lórí àga lọmọ àwọn ń sanwó fún. Nígbà tí oṣù kẹta parí tí wọ́n ṣe 12, àwọn fúnra wọn ni wọ́n pè mí ní àárọ̀ kùtù, wọn ò tiẹ̀ kí mi kí wọ́n tó sọ ọ́.

Nítorí náà, ohun tó bá béèrè kó tó ní kí Màmá gbé ẹsẹ̀ ni kó o tẹ́tí sí. Bí kò bá béèrè nǹkan kan, jẹ́ kó máa lọ. Ìwé ẹ̀rí ṣe pàtàkì o, n ò sọ pé kò ṣe pàtàkì. Àwọn mìíràn nílé ti yege ìdánwò àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fún olùkọ́ eré ìdárayá ní ìwé ẹ̀rí, bíi ACE tàbí NASM. Gba orúkọ tó wà lórí ìwé náà àti nọ́ńbà rẹ̀, kí o yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó fún un, má fi ti fọ́tò orí WhatsApp ṣe. Níbí ní UK pàápàá, kò sófin tó ní kí ẹnikẹ́ni má pe ara rẹ̀ ní personal trainer, ìdí nìyẹn tá a fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí Level 3 àti ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kó o máa sanwó, lẹ́yìn iṣẹ́. Kí o sì gba ẹni tó ń gbé nítòsí. Èyí tó bá ń ti Kétu bọ̀ nírọ̀lẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì Ìkòròdú á jẹ́ kó máa pa ọjọ́ jẹ ni. Olùkọ́ Bàbá ń gbé ní Sábó, Márúwá kan ló máa ń wọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ilé lèmi wà o, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló fi mí sínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá sílé, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Kí olùkọ́ wọn ìfúnpá Màmá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, lójoojúmọ́ tó bá wá. Bó bá ti tó 180 lórí 110, kò séré ìdárayá lọ́jọ́ náà, dókítà ni kí wọ́n pè. Bí wọ́n bá ń gbé nǹkan, kódà bó ṣe ike omi ni, wọn ò gbọdọ̀ sé èémí, torí sísé èémí máa ń gbé ìfúnpá ga lójijì. Bó bá sì jẹ́ pé atenolol tàbí irú rẹ̀ wà nínú oògùn wọn, ẹ má fi ti aago tó ń ka ìlù ọkàn ṣe, oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ọkàn sáré. Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ń jáde ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kọrin, ó tó bẹ́ẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá sì ti lé ní ọdún 65, kí ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ máa ní ti agbára ẹsẹ̀ àti ìdúró ṣinṣin nínú. Màmá lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá o! Kí wọ́n má sì kàn dúró gbagidi bí wọ́n bá parí, kí wọ́n rìn díẹ̀díẹ̀ kí ara fi rọlẹ̀, òòyì lè kọ́ ẹni tó ń lo oògùn ìfúnpá.

Ẹ rántí ọjọ́ Orò. Obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ yẹn ní Ìkòròdú, kí wọ́n ti mọ ohun tí Màmá máa ṣe nínú yàrá sílẹ̀.

Ọmọ Ìgbógbò, Birmingham:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bá wa da yín sí. Alhájà ni Màmá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọkùnrin máa fọwọ́ kan àwọn.

Ìyá Ìbejì, Leeds:

Wá obìnrin fún wọn. Ẹ̀yìn Àsùbáà dáa, oòrùn ò tíì mú. Tí Rámádáánì bá dé, kí wọ́n sún un sí ìrọ̀lẹ́, kó sì fúyẹ́. Nǹkan kan tún wà tó máa ń bà á jẹ́: ọmọ tá a kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé lè máa tijú àgbà débi pé á rí i tí ẹ̀yìn wọn tẹ̀, kò ní lè sọ ọ́. Ti Bàbá máa ń ní, “Bàbá mi, ẹ gbà mí, ẹ gbé àyà sókè díẹ̀,” á sì dúró títí wọ́n á fi gbé e. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lò ń wá. Èyí tó bá sì ń ta tíì tó ń fani nínú, tàbí tó ní kí Màmá yé jẹ ẹ̀bà pátápátá, má jẹ́ kó wọlé. Kó dín òkèlè kù, kó fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un, ìyẹn ni wọ́n á lè ṣe pẹ́.

Ọmọ Èbúté, Toronto:

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba olùkọ́ fún ara yín lókè òkun gbọ́ tèmi. AS ni mí. Nílé, ìgbà tá a bá fẹ́ fẹ́ra ni wọ́n máa ń béèrè jẹnotáìpù. Olùkọ́ tí mo gbà ní jíìmù kan níbí kò béèrè, èmi náà ò sì sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní kí n máa lóṣòó kí n máa dìde pẹ̀lú ẹrù léjìká, ó lé ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Mo ní ó rẹ̀ mí, ó ní kí n má dúró. Ara ríro lẹ́yìn eré ìdárayá kì í ṣe nǹkan bàbàrà, á le lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, á sì lọ. Tèmi kò lọ. Itan mi wú, ìtọ̀ mi sì dúdú bí omi àgbo. Ní ọsibítù wọ́n ní iṣan ara mi ló ń já tó ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Wọ́n ní AS tí mo jẹ́ wà lára ohun tó fà á. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gba dírípù.

Dókítà ò ní kí n yé ṣeré o. Ó ní kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí n máa mu omi, kí n sinmi nígbà tí mo bá fẹ́ sinmi, kí n sì jáwọ́ lójú ẹsẹ̀ tí iṣan bá ti ń dùn mí tàbí tí èémí bá ń há. Ẹ sọ jẹnotáìpù yín fún wọn kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun. Bí ẹ bá rí irú ìtọ̀ yẹn, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ọmọ Ìgbógbò, Birmingham:

Ọlọ́run ló yọ yín. Màá sọ fún àbúrò mi, òun náà AS ni.

Mo bá obìnrin kan tó ń gbé ní Agric sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Kí n tó dárúkọ owó, ó ti ní kí n fi fọ́tò gbogbo oògùn Màmá ránṣẹ́. Ó tún béèrè orúnkún wo gan-an ló ń dùn wọ́n, n ò mọ̀, mo ní láti pe Màmá. Tọ̀tún ni. Sátidé ló máa kọ́kọ́ wá, ó ní ká wá àga tí kò ní táyà lẹ́sẹ̀ fún wọn kóun tó dé.