Ó kú, kò run: lórí “àìkú àfàmìṣe”

Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín. Ẹ dábàá “àìkú àfàmìṣe” láti fi túmọ̀ “symbolic immortality”, èrò Robert Jay Lifton, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, pé ọkàn èèyàn kì í balẹ̀ àfi tó bá mọ̀ pé nǹkan òun yóò kù lẹ́yìn òun. Mi ò gbà. “Kú” inú rẹ̀ ló bà á jẹ́.

Ẹ ní àìkú wà nínú Bíbélì. Ara tí kò ní kú mọ́ ni Kọ́ríńtì Kìíní 15 ń wí. Lifton ò sọ pé ẹnì kan ò ní kú. Hiroshima ní ilẹ̀ Japan ló lọ ní 1962, tó jókòó ti àwọn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì 1945 ò pa. Ó rí i pé irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ lè gba ọmọ, iṣẹ́ ọwọ́, àní ilẹ̀ àti igi tó yẹ kó kẹ́yìn ẹni. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí àìkú yẹ, Ernest Becker, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ni, tó kọ ọ́ ní 1973 pé ńṣe là ń sá fún ìmọ̀ pé a ó kú.

Àwọn àgbà tó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò, ṣé wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò kú ni?

Ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá inú igbó ká. Nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, wọ́n gbé orúkọ wọn dání: Aké, Kémta, Ìkìjà. Ẹ ní “àfàmìṣe”: ṣé àmì lásán ni Kémta? Ilé bàbá mi wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá mi àgbà ti máa ń sọ nípa olóògbé tó bímọ pé, “Ó kú, kò run.” Nígbà tí aláàdìrẹ kan tí kò bímọ kú, tó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́, ohun kan náà ni màmá sọ.

Nítorí náà, dípò “àìkú”, “àìrun” ni mo fara mọ́. Ẹ ní wọn óò kà á sí “àìrùn”, bí ẹni pé òkú ò rùn. Èyí dùn mí. Run, rùn, rún: ta ni Yorùbá tí kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ẹni tí kò fàmì sí i ló jẹ̀bi.

Ẹ tún ní èdè Ẹ̀gbá kì í ṣe èdè ìwé. Ìlú wo ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ní 1859, bí kì í bá ṣe Abẹ́òkúta?

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ ní ìdílé nìkan ló ń run, ẹ mú gbólóhùn wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.