Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: a fẹ́ sun oru kan létí Odò Ògùn

Ọmọ Yábà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́fà la fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Abẹ́òkúta níparí oṣù kẹwàá. Tá a bá débẹ̀, a máa fẹsẹ̀ rìn tọ odò lọ, a ó pàgọ́ sí bèbè rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò síná, kò sómi ẹ̀rọ, kò sí ṣáláńgá. Àgọ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta méjì la ní. Iyanrìn kan wà létí omi tó tẹ́jú dáadáa, ibẹ̀ lojú wa wà. Kí la ò tíì rò?

Ẹ̀gbọ́n Súrùlérè: Àbúrò, orí iyanrìn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ má sùn. Odò ló kó o síbẹ̀, odò sì lè wá kó o lọ. Odò Ògùn kì í dúró de òjò tiyín kó tó kún. Dáàmù Ọ̀yán wà lókè, wọ́n sì máa ń tú omi rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò òjò, pàápàá oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ó ń lọ́wọ́ nínú omi tó ń wọlé àwọn ará Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere lórí yín, kí omi sì máa gùn bọ̀ lóru.

Ẹ sún un sí oṣù kìíní. Nígbà náà pàápàá, ẹ wo ara igi: ibi tí ẹrẹ̀ gbígbẹ, pàǹtí àti ọ̀rá bá há sí lórí ẹ̀ka, ibẹ̀ lomi dé kẹ́yìn. Ẹ gùnkè kọjá rẹ̀, kí àgọ́ sì jìnnà sómi tó 60 mítà, bí ìṣísẹ̀ 80. Kílẹ̀ tó ṣú, ẹ ri ọ̀pá kan mọ́ etí omi, ẹ fi ọ̀bẹ fá ibi tómi mọ sí lára rẹ̀. Ẹni tó bá jí tọ̀ kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bómi bá ti bo àmì yẹn, ẹ ká àgọ́, ẹ má bá ara yín jiyàn.

Ọmọ Yábà: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ó di oṣù kìíní. Omi mímu ńkọ́? Ọ̀kan nínú wa ní ká kàn máa se omi odò.

Ìyá Ìbejì Ìsàlẹ̀ Èkó: Pure water ni kẹ́ ẹ gbé. Ẹ ṣírò lítà 4 fún ẹnì kan, mímu àti sísè. Ọ̀rá kan jẹ́ 50cl, ọ̀rá 20 wà nínú bágì kan. Lítà 24 lẹ máa lò, ìyẹn bágì méjì àti ọ̀rá 8. Bágì kan tó kílò 10, ẹnì kan ò gbọdọ̀ gbé e, ẹ pín in ní ọ̀rá 8-8. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ èèkàn irin, á lu gbogbo ẹ̀. Tó bá tán, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi odò, ẹ sè é. Tó bá ti ń hó yaya, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Àmọ́ sísè ò mú epo àti oògùn apakòkòrò kúrò nínú omi.

Ẹ má wẹ̀ níbi tómi ti dákẹ́ o. Àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń múni tọ ẹ̀jẹ̀, ni mò ń sọ. Ara ìgbín inú omi ni kòkòrò ẹ̀ ti ń jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé, kò nílò egbò. Oúnjẹ? Gàrí, ẹ̀pà, ẹja gbígbẹ. Ìrẹsì tẹ́ ẹ bá sè láàárọ̀ á ti kan lálẹ́.

Ọmọ Ìta Fájì: Ẹ bu iyọ̀ yí àgọ́ ká, ejò ò ní wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Súrùlérè: Iyọ̀ ò lé ejò, ẹ fi se ọbẹ̀. Eku ń wá oúnjẹ, ejò ń wá eku. Ẹ so oúnjẹ kọ́ igi tó jìnnà sí àgọ́, ẹ máa fa sípì pa nígbà gbogbo, ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Bó bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dè é le, ẹ má jẹ́ kó rìn. Ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ náà kó má mì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Tàpólì tẹ́ ẹ máa tẹ́ sábẹ́ àgọ́, ẹ ṣẹ́ etí ẹ̀ wọnú. Bó bá yọ síta, ìrì tàbí òjò á dà sórí ẹ̀, abẹ́ yín ló máa ṣàn sí. Èèkàn kó dagun, kí orí ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí àgọ́. Ọyẹ́ á mú yín lóru, ẹ má torí ẹ̀ gbé ìkòkò èédú wọnú àgọ́. Èéfín burúkú inú ẹ̀ ò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pani. Fún ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, níbi tó jìnnà sódò, kẹ́ ẹ sì bò ó.

Bàbá Àgbà Mushin: Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti sọ̀rọ̀ omi, ẹ ò sọ̀rọ̀ onílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí baálẹ̀ abúlé tó bá sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ bi í níbi tódò dé lọ́dún tó kún jù, ibi tí wọ́n ti ń bọ odò tálejò kì í tẹ̀, àti bóyá Orò máa jáde lóru ọjọ́ yẹn. Ṣé obìnrin wà nínú yín?

Ọmọ Yábà: Méjì ni, bàbá.

Bàbá Àgbà Mushin: Ẹ lọ béèrè kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.