Eyín mélòó ló yẹ kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Irin eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀ ní eyín 44 níwájú kẹ̀kẹ́ mi, 16 lẹ́yìn. Lójú títì tó tẹ́jú, ó ń sáré dáadáa. Àmọ́ bí mo bá dojú kọ ìgòkè l'Óṣogbo níbí, orúnkún á máa ro mí.

Mo gbé ìjókòó sókè, mo pààrọ̀ firíwíìlì, ìyẹn irin eléyín tó wà lẹ́yìn, sí eléyín 18. Ó fúyẹ́ díẹ̀, kò tíì tó.

Ó ku 20 lẹ́yìn tàbí 40 níwájú. Tí a bá fi eyín ẹ̀yìn pín eyín iwájú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 44 pẹ̀lú 20 jẹ́ 2.2, 40 pẹ̀lú 18 jẹ́ 2.22. Irin tó di táyà ẹ̀yìn mú ti kan ìparí ihò rẹ̀ níwájú, nítorí náà 20 á gba ṣéènì tó gùn sí i. 40 kò nílò ìyẹn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Èwo ni ṣéènì àti eyín rẹ̀ máa pẹ́ jù kó tó gbó: 44 pẹ̀lú 20, àbí 40 pẹ̀lú 18?